Orin Diana Lẹ́nu Cassie

Ẹni tí ó bá di ẹ̀bi fíìmù A Chorus Line ti 1985 ru kámẹ́rà, ó rẹ́ kámẹ́rà jẹ. Orin ni Richard Attenborough, olùdarí rẹ̀, ṣì lò.

Eré olórin tí Michael Bennett gbé jáde ní New York ní 1975 dá lórí àwọn oníjó tí ń wá iṣẹ́. Nígbà tí Paul fi orúnkún ṣèṣe, Diana kọ ‘What I Did for Love’: ìfẹ́ ijó ni ó ń kọ, iṣẹ́ tí ó lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ lójijì. Fíìmù gbé orin yìí fún Cassie, ó sì sọ ọ́ di ti Zach, olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́. (Orin kì í sáà ṣe iyọ̀ tí a lè bù sí ọbẹ̀ ẹlòmíràn.) Paul ṣèṣe nínú fíìmù náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọrin ohun tí ó pàdánù.