Ẹ Fi Àdírẹ́sì Yín Ránṣẹ́

Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, nígbà tí Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ọ̀fẹ́ ni lẹ́tà tiwa. Àdírẹ́sì ímeèlì yín nìkan ni a ń béèrè. Èdè Faransé ni ilé ẹ̀kọ́ fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé kíkà. Yorùbá yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá a pàdé nínú ìwé, ẹnu wọn a wúwo. (Èmi tí mò ń kọ èyí pàápàá ti dàgbà kí n tó mọ̀ ọ́n kà.) Ojú ìwé kan péré ni a ó máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé. Ẹ kà á sókè nílé. Bí ọmọ yín bá ní àdírẹ́sì tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ mọ́ tiyín.