Ọrọọrún Ni Babaláwo Ń Dífá

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìlàjì àkọ́kọ́ òwe yìí ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Òun la fi ń tu ẹni tí nǹkan ò ṣẹnuure fún nínú, pé kó fara balẹ̀, ayé ń yí. Ìlàjì kejì, níbi tí iṣẹ́ wà, la máa ń gbà kọjá wéré. Babaláwo mọ̀ pé ọ̀la kì í rí bí òní, síbẹ̀ kò torí ìyẹn ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Kò ní nígbà tí ọ̀la ò ti ṣeé mọ̀, kí la tún ń bi Ifá sí. Bí ọjọ́ márùn-ún bá ti pé, á tún jókòó, á tún bèèrè lákọ̀tun.

Ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì ní Amẹ́ríkà ló mú òwe náà sọ sí mi lọ́kàn. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré ni, tí orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó. Ènìyàn 11 ló ń kojú ènìyàn 11, ìgbìyànjú mẹ́rin sì ni ikọ̀ ní láti fi rin yáàdì 10. Ẹni tó bá gbé e wọ ibi ìparí pápá ti gba àmì mẹ́fà, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní touchdown. Láti sáà ọdún 2014 ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 ti ń yan àwọn ikọ̀ tó máa du ife-ẹ̀yẹ àpapọ̀. Mẹ́rin ni wọ́n ń yàn tẹ́lẹ̀, ó di 12 ní sáà 2024.

Ní ayé ikọ̀ mẹ́rin yẹn, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń kéde orúkọ, ó sì di ìparí oṣù tàbí ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún tuntun kí wọ́n tó wọ pápá. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kún un. Àwọn tó kàwé níbẹ̀, àwọn tí bàbá wọn kàwé níbẹ̀, àwọn tí kò tilẹ̀ wọ kíláàsì kankan níbẹ̀ rí àmọ́ tí wọ́n ń gbé ìlú náà, gbogbo wọn á di aríran. Lọ́jọ́ ìdíje, láti àárọ̀ ni wọ́n á ti kó ọkọ̀ sí àyíká pápá, wọ́n á máa yan ẹran lórí ẹyinná nídìí ọkọ̀, wọ́n á wọ àwọ̀ ikọ̀ wọn, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Ta ló lu ta? Yáàdì mélòó ni tọ̀hún sá? Mo fẹ́ràn àríyànjiyàn náà gan-an. Ìmọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ìfẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí mo ti bá wọn jà ni pé Ifá tí wọ́n dá lóṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń kì títí di ọjọ́ ìjà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìparí ọdún 2022. Michigan fẹ́ kojú TCU ní Glendale, ní ìpínlẹ̀ Arizona, lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá. Michigan ti gbá 13, ó borí 13. Ó ti lọ lu Ohio State nílé wọn ní 45 sí 23. TCU ní tirẹ̀, yunifásítì aládàáni ní Fort Worth ní Texas, márùn-ún péré ló borí nínú ìdíje 12 lọ́dún tó ṣáájú. Òótọ́ ni pé ó ti borí 12 lọ́dún 2022, àmọ́ èyí tó gbá gbẹ̀yìn, Kansas State ló fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbolẹ̀, 31 sí 28. Àwọn ará Michigan ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ TCU. Wọ́n ní àwọn máa gun orí wọn kọjá ni.

Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọmọ ìlà iwájú ni, àwọn òmìrán tó ń ṣí ọ̀nà fún ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Láàárín ìlà yẹn, ọmọ wa kan wà níbẹ̀: Olusegun Oluwatimi, tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ sí Amẹ́ríkà. Òun ló ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn gba àárín ẹsẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí á sì tún fi àyà dí ẹni tó bá fẹ́ ya wọlé. Lóṣù Kejìlá yẹn gan-an ló gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington, èyí tí wọ́n ń fún àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ yẹn lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, tó sọ pé orí òun ò wú, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yí. Blake Corum, ẹni tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá ti há mọ́ wọn nítòsí ìlà ìparí pápá, ti fi orúnkún ṣèṣe lọ́jọ́ 19 oṣù Kọkànlá, nígbà tí wọ́n ń bá Illinois gbá. Touchdown 18 ló ti sá wọlé lọ́dún náà. Àwọn olólùfẹ́ Michigan ní kò léwu, Donovan Edwards wà níbẹ̀, ṣebí òun ló sá yáàdì 216 níwájú Ohio State. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bọ́ọ̀lù tẹ Edwards lọ́wọ́ ní Glendale, yáàdì 54 ló sá. Gbogbo ẹnu tó ti ń ṣàsọtẹ́lẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló là gbàgà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé yáàdì méjì sí ìlà ìparí pápá. Ìgbìyànjú kẹrin ló kù. Michigan gbé àrà kan jáde tó kún fún ìtànjẹ, TCU rí i, wọ́n wó o lulẹ̀. Kò pẹ́ sí i, Bud Clark ti TCU já bọ́ọ̀lù tí J.J. McCarthy ti Michigan jù gbà lófuurufú, ó sì sá yáàdì 41 wọlé. Ní abala kejì nínú mẹ́rin, Roman Wilson ti Michigan gba bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn kan, àwọn adájọ́ ní ó wọlé, wọ́n tún fi àwòrán yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní rárá, ó kù díẹ̀ kí yáàdì kan pé. Ibi tí Corum ti máa ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Corum ò sí. Kalel Mullings, tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ ti olùgbèjà, ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. TCU dì í mọ́lẹ̀. Ìlà iwájú tó gbayì jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà ò lè rin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dá Ifá rẹ̀ lóṣù Kejìlá, tó bi í léèrè pé ta ló máa gbé bọ́ọ̀lù nígbà tó bá ku yáàdì kan, ì bá ti rí i pé ibẹ̀ ni ilé ti ń jò. Nígbà tí wọ́n parí, TCU ní 51, Michigan ní 45.

Ibi tí òwe náà ti wá wọ̀ mí lára jù lọ nìyí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 2023, TCU fẹ́ kojú Georgia ní àṣekágbá, ní Inglewood ní California. Àwọn tó ti fi TCU ṣẹ̀sín wá yí ohùn padà, wọ́n ní orí ló ń bá wọn jà, kádàrá wọn ni. Wọ́n tún ní ẹ̀rí lọ́wọ́: àmì kan péré ni Georgia fi bọ́ lọ́wọ́ Ohio State ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, 42 sí 41. Wọn ò wo ti Kendre Miller, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún TCU lọ́dún náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà ti fi orúnkún ṣèṣe ní Glendale, kò sì gbá àṣekágbá. Georgia na TCU ní 65 sí 7. N ò ní pé ọgbẹ́ Miller ló fà á, torí Georgia ì bá na ẹnikẹ́ni lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn fi ìdáhùn àná dá ìbéèrè òní lóhùn, wọ́n sì ṣì í lẹ́ẹ̀mejèèjì, ní ọ̀nà tó yàtọ̀ síra.

Ti Ohio State lọ́dún 2024 tún wà níbẹ̀. Lóṣù Kẹwàá, Oregon fi àmì kan borí wọn, 32 sí 31. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, Michigan tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ lọ́dún náà lu wọ́n nílé wọn, 13 sí 10. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé wọn ló ní kí wọ́n lé Ryan Day, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, lọ. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ kojú Oregon ní Pasadena lọ́jọ́ kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn kan ṣì ń ka 32 sí 31 lórí. Àwọn oníléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ ò bá wọn kà á, Ohio State ni wọ́n gbé síwájú díẹ̀, nítorí pé owó wọn ló wà níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń tún un yẹ̀ wò. Kí abala kejì tó parí, 34 sí òdo ni. Wọ́n parí rẹ̀ ní 41 sí 21. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní, Ryan Day tí wọ́n fẹ́ lé gbé ife-ẹ̀yẹ sókè ní Atlanta.

Ẹnìkan lè ní àsọtẹ́lẹ̀ olólùfẹ́ kì í ṣe ìwádìí, àdúrà ni, kí n fi í sílẹ̀ kó gbádùn ara rẹ̀. Mo gbà pé àdúrà wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ta là ń gbàdúrà fún? Ọmọ ọdún 18 sí 22 ló pọ̀ jù nínú wọn. Ara wọn ṣì ń gbó lọ́wọ́, ìdánwò wà lọ́rùn wọn, àwọn míì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn láàárín ọdún kan, Oluwatimi fúnra rẹ̀, Virginia ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó dé Michigan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í rí bákan náà láti oṣù kan sí èkejì. Ẹni tó bá fi ojú oṣù Kẹsàn-án wò ó lóṣù Kìn-ín-ní, ọmọ mìíràn ló ń wò. Bí wọ́n ṣe ń bú ọmọ náà nígbà tí kò bá ṣe bí a ti wí ló dùn mí jù, nítorí ọ̀rọ̀ burúkú tí àwọn èèyàn ń sọ sí ọmọ tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń pẹ́ lára. Ẹni tó tún Ifá rẹ̀ dá kò ní bínú tó bẹ́ẹ̀, torí pé yóò ti mọ ohun tí ọmọ náà ń gbé kiri.

Lẹ́yìn Glendale, wọ́n ní Michigan ò lè borí nínú irú ìdíje yìí láé. Ẹ̀rí wà: Georgia ti na wọ́n ní 34 sí 11 lọ́dún tó ṣáájú, TCU tún wá kún un. Oluwatimi ti lọ sí Seattle láti gbá bọ́ọ̀lù olówó. Ṣùgbọ́n orúnkún Corum ti san, ó sì kọ̀ láti lọ, ó padà wá fún sáà mìíràn. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, Michigan àti Alabama dọ́gba ní Pasadena, wọ́n fi àkókò kún un. Corum ló gba bọ́ọ̀lù, ó yí po, ó sá yáàdì 17 wọlé, Michigan borí ní 27 sí 20. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lu Washington ní 34 sí 13, wọ́n sì gbé ife náà lọ sílé.