Ìbọn tó ń gbá ọlọ́dẹ léjìká

Gbogbo ayé ló mọ Ọ̀fà mọ ìjàkadì, àmọ́ ọfà lorúkọ ìlú náà ti wá. Ọmọ ọba Ọ̀yọ́ kan, Ọlálọ́mí Ọlọ́fàgangan, ọdẹ tó mọ ọfà ta dáadáa, la gbọ́ pé ó tẹ ibẹ̀ dó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo fẹ́ràn lára ọfà ni pé bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Kì í padà wá gbá ẹni tó ta á. Ìbọn ò rí bẹ́ẹ̀.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan l'Ọ̀fà ló jẹ́ kí n mọ̀. Ọdẹ ni, ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ pé, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Nígbà tí mo débẹ̀, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ ti kú sábẹ́ awọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ayé ló ń bá ọmọ òun jà. Wọ́n ti ra ewúrẹ́ ètùtù, ó ń ké lẹ́yìnkùlé. Èjìká nìkan kọ́ ló sì ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀rù ìbọn ti ba ọmọkùnrin yìí débi pé kó tó yìn ín ló ti ń dijú. Lóru ọjọ́ kan, ọta rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹni tí wọ́n jọ lọ síjù. Díẹ̀ ló kù kó dọ̀rọ̀ ọlọ́pàá!

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìbọn ṣakabùlà náà wá ná. Haa! Ìdí rẹ̀ ti là tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá rẹ́ ẹ kúrú, èyí tó kù wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdí orógùn. Ó tún tẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀tù tó ń rọ sínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣe ló ń bù ú bí ẹni bu gààrí. Ta wá ni ayé ń bá jà níbẹ̀?

Agbára tí ẹ̀tù fi ń ti ọta síwájú náà ló fi ń ti ìbọn sẹ́yìn. Newton, ọ̀mọ̀wé ará England, ti kọ ọ́ sínú ìwé láti 1687. Bí ìbọn bá wúwo, á rọra padà. Bó bá fúyẹ́, á ta bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Bí ìdí rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, ojú kan ni gbogbo agbára ọ̀hún máa wọ̀. Ẹ̀yin tí obìnrin ti fi bàtà gogoro tẹ̀ lẹ́sẹ̀ rí nínú bọ́ọ̀sì, ṣé bákan náà ni pẹ̀lú sílípáàsì? Bí ìdí bá sì tẹ̀ sísàlẹ̀ jù, ẹnu ìbọn á fò sókè, igi á gbá ọdẹ lẹ́rẹ̀kẹ́. Abájọ tí ìdí ìbọn àwọn ṣọ́jà òde òní fi máa ń tọ́. Ọ̀pọ̀ jagunjagun wa àtijọ́ kì í tiẹ̀ gbé ìbọn séjìká, ìbàdí ni wọ́n ti ń yìn ín. Wọn ò lè fojú sùn nǹkan dáadáa, ṣùgbọ́n èjìká wọn gbádùn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan la gbé e lọ bá. Ó wọn apá ọmọkùnrin náà kó tó gbẹ́ igi líle tó wúwo fún un. Ìdí rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀ bí ojú èjìká ṣe rí. Ó wá lẹ rọ́bà sílípáàsì mọ́ ọn nídìí. Rọ́bà ò mú agbára náà kúrò o, ó kàn ń jẹ́ kó rọra wọlé ni. Baba alágbẹ̀dẹ kan tó ń wò wá ní kí ọmọ yìí wá ohun tí á máa fi wọn ẹ̀tù, torí irin tó bá bẹ́ síni lọ́wọ́, kò sí igi tó lè gbà á. Ọ̀rọ̀ baba yẹn ni mo gbà jù.

A lọ dán an wò lẹ́yìn ìlú. Nígbà àkọ́kọ́, ó ṣì dijú. Nígbà kẹta, ojú là sílẹ̀, ọta wọ páànù tá a gbé kalẹ̀. Ewúrẹ́ ètùtù ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀, ó ti bímọ méjì.