Adákẹ́dájọ́ àti Apariwodájọ́

Ọba Adákẹ́dájọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí àwọn baba wa fi ń ki Olódùmarè. Bọ́lájí Ìdòwú, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, kò gbàgbé orúkọ náà nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962. Àwọn onígbàgbọ́ gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wà lẹ́nu wọn títí di òní. Báwo wá ni àwa tí a ń pe Ọlọ́run ní Adákẹ́dájọ́ ṣe di apariwodájọ́?

Ẹ tẹ́tí sí àdúrà ìṣọ́ òru ní ọ̀pọ̀ ilé ìsìn wa. Iṣẹ́ èdè ni mo ń ṣe, nítorí náà gírámà àdúrà ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Ẹni tí a ṣẹ̀ kò sọ fún Olúwa pé kí ó wo ohun tí ojú òun rí. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí ọ̀tá kú, kí ó kú lóṣù yìí, kí iná jó o. Olùpẹjọ́ ti gun orí àga adájọ́, ó ti dá ọjọ́ ikú fún ọ̀daràn, ó sì wá ń rán Ọlọ́run níṣẹ́ bí ẹní rán ọlọ́pàá. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ nìyẹn. Lójú tèmi, àìgbẹ́kẹ̀lé ni: ẹni tí ó gbà pé adájọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá a kọ ìdájọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní Sáàmù 109 kò fi ọ̀tá ṣeré. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 24. Sọ́ọ̀lù, tí ó ń dọdẹ Dáfídì kiri, wọ inú ihò kan ní aginjù Ẹn-gédì, àṣé Dáfídì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ ihò náà. Wọ́n sọ fún un pé Ọlọ́run ló fi ọ̀tá lé e lọ́wọ́ (gbólóhùn yìí kò tíì kú nílẹ̀ wa). Etí aṣọ Sọ́ọ̀lù nìkan ni Dáfídì gé, ìyẹn pàápàá sì ń dà á lọ́kàn rú. Nígbà tí ó jáde, ó ka ẹ̀sùn rẹ̀ sí Sọ́ọ̀lù lójú, kò fi nǹkan pamọ́, ó sì ní kí Olúwa ṣe ìdájọ́ láàrin àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò ní kan Sọ́ọ̀lù.

N kò ní kí ẹni tí wọ́n jà lólè dákẹ́. Kóòtù wà, níbi tí wọn yóò ti gbọ́ tẹnu olùpẹjọ́ àti tẹnu olùjẹ́jọ́, nítorí àgbà òṣìkà ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Nílé àdúrà ńkọ́? Ta ní ń gbọ́ tẹnu ọ̀tá? Ọ̀tá ọ̀hún kì í sábà jẹ́ gómìnà tí kò san owó oṣù. Ìyá arúgbó ni, ìyàwó baba ni, opó tí kò bímọ ni. Wòlíì ríran, ó ní irun funfun ni òun rí; ọmọ délé, ó kó ẹrù ìyá rẹ̀ síta. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kan gbé inú ṣọ́ọ̀bù onísọ́ọ̀bù ládùúgbò wa fún ohun tí ó lé ní ọdún kan, nítorí pé òwò ọmọ rẹ̀ kò lọ déédéé. Mo bi í bóyá wọ́n tilẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ni wọ́n béèrè. Ẹ̀yin àlùfáà tí irú ìran bẹ́ẹ̀ ń wáyé lójú yín, èwo nínú yín ló ránṣẹ́ pe ìyá náà kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀?