AI Ní Kí Òpó Sùn, Àmọ́ Ìyá Yín Ṣì Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

Owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ná lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù láti ọdún 2020 kì í ṣe kékeré, owó orí àwọn òbí yín sì wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí wọ́n bí sí London, Manchester àti Leeds mọ ibi tí owó náà ń lọ. AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá, ni wọ́n ń fi apá kan rẹ̀ kọ́, iṣẹ́ tí wọ́n sì fẹ́ gbé lé AI yìí lọ́wọ́ kan ilé yín.

Ọ̀rọ̀ Huawei ló bí gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù yọ ohun èlò 5G ti Huawei kúrò kí ọdún 2027 tó parí. Bí wọ́n ṣe lé Huawei tán, wọ́n rí i pé Nokia àti Ericsson nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù lọ́jà. Ni wọ́n bá ya mílíọ̀nù 250 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ láti ṣí ọ̀nà fún àwọn mìíràn. Ohun tí wọ́n ń lé ni wọ́n ń pè ní Open RAN: kí èèyàn lè ra rédíò orí òpó lọ́wọ́ lágbájá, kó ra kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ lọ́wọ́ lámọrín, kí méjèèjì sì gbọ́ èdè ara wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, mílíọ̀nù 28 lọ sí Yunifásítì York, ti Bristol àti ti Surrey, kí wọ́n bá Nokia, Ericsson àti Samsung ṣiṣẹ́. (Nokia àti Ericsson tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbára lé nìkan náà ni o.) Nígbà tó di 2023, wọ́n pín mílíọ̀nù 88 fún iṣẹ́ ìwádìí 19. Ti Amẹ́ríkà tún ju èyí lọ: bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là ni òfin CHIPS and Science ti ọdún 2022 yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí.

Níbo ni AI ti wọ̀ ọ́? Nígbà tí ìdarí òpó bá ti di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ lè kọ́ kọ̀ǹpútà náà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́. Á máa wo iye èèyàn tó ń lo fóònù ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àsìkò tí wọ́n ń lò ó, àti òpó tó ń ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ bàjẹ́. Èyí tí àwọn iléeṣẹ́ fẹ́ràn gan-an ni pé á mọ ìgbà tí èrò ò pọ̀, á sì pa lára àwọn rédíò orí òpó. Òpó ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò, torí náà rédíò tó bá sùn lóru, èrè ni.

N ò lòdì sí i. Ẹ dé Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ẹ wo ohun tó ń gbé òpó ró nígbà tí iná bá lọ: jẹnẹrétọ̀ tó ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó ìpè àti dátà. Ìmọ̀ tó bá lè dín epo yẹn kù, àwọn àǹtí yín tó ń ra dátà nílé á dúpẹ́.

Ibi tó ti ká mi lára ni ọ̀rọ̀ òru yẹn. Lójú kọ̀ǹpútà, aago mẹ́ta òru ni àsìkò tí èèyàn ò sí. Ṣùgbọ́n ta ló jí ní Peckham àti Thamesmead ní aago mẹ́ta òru? Ẹ mọ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù. Olùtọ́jú àgbàlagbà tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tó gbọ́dọ̀ fi fóònù kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti dé, pé òun ti lọ, torí àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Ẹni tó ń wa tákísì, tó ń retí èrò lórí áàpù. Àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì òru lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì kí àwọn ọ̀gá tó dé. Ìyá tó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó pe òun bí ibà náà ò bá lọ. Wọn ò pọ̀ lóòótọ́. Iye ni AI ń kà, kò mọ̀ pé ìpè kan ṣoṣo lóru lè wúwo ju ẹgbẹ̀rún fídíò tí wọ́n ń wò ní aago mẹ́jọ alẹ́ lọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á ní kí n rọra, pé wọn kì í pa gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń fi rédíò kan sílẹ̀ tí á máa gbé ìpè, àwọn tó ń mú kí íntánẹ́ẹ̀tì yá ni wọ́n ń pa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ pé ó tó, kí wọ́n má pa mọ́? Wọ́n lè sọ fún AI pé kó dín iná kù bó bá ti lè ṣe é tó. Wọ́n sì lè sọ fún un pé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dúró nítorí iná tó fẹ́ dín kù. Àṣẹ méjèèjì ò jọra rárá. Ẹni tó ń sanwó ló yẹ kó sọ èyí tó fẹ́, a sì wà lára àwọn tó ń sanwó.

Ìjọba sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi májẹ̀mú mú èèyàn. Nígbà tí Vodafone àti Three fẹ́ di ọ̀kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ CMA ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé àwọn á tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe láàárín ọdún mẹ́jọ, wọn ò sì ní kọjá iye kan lórí àwọn ètò ìpè kan fún ọdún mẹ́ta. Owó ara wọn ni wọ́n fẹ́ ná o! Kí ló wá dé tí ẹni tó gba owó ìrànwọ́ á fi lọ lọ́fẹ̀ẹ́? Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí iṣẹ́ tó bá gbowó láti fi AI pa rédíò lọ dán an wò ní àwọn àdúgbò ilé gogoro tí àwọn òṣìṣẹ́ òru ń gbé, kó sì tẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìpè wọn jáde pẹ̀lú iye iná tó rí pamọ́.

Ẹ̀yin gan-an náà lè wà níbẹ̀. Lára owó báyìí ni wọ́n fi ń sanwó fún àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀kan lára àwọn ibùdó ìwádìí náà, èyí tí Imperial College ń darí, CHEDDAR ló ń jẹ́, bíi wàràkàṣì. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Mo mọ̀ pé dókítà àti lọ́yà ni àwọn òbí wa ń kà sí iṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń kọ́ AI yìí ló ń pinnu bóyá fóònù wọn á ṣiṣẹ́ lóru.

Àsìkò ò sì dúró. Wọ́n ti ní àwọn á pa tẹlifóònù ilé ti àtijọ́, tó ń gba inú wáyà, kí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027 tó parí, ẹrù tó wà lórí fóònù ọwọ́ á sì tún wúwo sí i. Bí MP àdúgbò yín bá tún wá kílẹ̀kùn tó ń wá ìbò, ẹ bi í: nínú iṣẹ́ 19 tí wọ́n pín mílíọ̀nù 88 fún, èwo ló yẹ òru wò?