Oníṣòwò ni dókítà àdúgbò náà, àwìn ló fẹ́ pa á

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé kò sẹ́ni tówó ń wọlé fún bíi dókítà tó dá ọsibítù tirẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá yẹ ìwé owó ọsibítù kékeré kan wò, yálà l'Ábẹ́òkúta tàbí n'Íbàdàn, yóò rí i pé ìyà tó ń jẹ oníbúrẹ́dì àti télọ̀ náà ló ń jẹ dókítà, tiẹ̀ tún le ju tiwọn lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ iná. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti náírà 68 sí náírà 225 lórí yúnìtì kan. Bí ó bá le jù, oníbúrẹ́dì lè tilẹ̀kùn fún ọjọ́ kan. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún aláboyún lọ́wọ́ kò lè ní kí wọ́n paná. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ dún, iye yòówù kí wọ́n máa ta dísù. Oògùn náà ńkọ́? Lọ́dún 2023 tí náírà já wálẹ̀, ilé-iṣẹ́ GSK àti Sanofi kéde pé àwọn kò ní máa ta oògùn àwọn fúnra wọn ní Nàìjíríà mọ́, owó oògùn sì gbẹ́nu sókè.

Ibi tó ti wá yàtọ̀ sí òwò yòókù ni àwìn. Ẹni tó ń ta ìrẹsì lè kọ ọ́ sára ògiri pé kò sí àwìn lónìí, àfi lọ́la. Òfin ìlera ọdún 2014 kò gba dókítà láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè san owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Òfin tó dáa ni, nítorí ẹ̀mí kì í ṣe ọjà. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti yá, ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà, àwọn mìíràn á tiẹ̀ yọ́ lọ lóru. Bí dókítà bá bínú, aráàdúgbò á ní ọ̀dájú ni. Bẹ́ẹ̀, owó oṣù nọ́ọ̀sì kò mọ dúnàádúrà.

Èyí wà lára ohun tó ń mú káwọn dókítà máa jápa. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, Mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé ó lé ní 16,000 dókítà tó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún 5 sí 7. Ẹni tó kù nílẹ̀ ló ń ṣe ti ọ̀sán, òun náà ló ń ṣe ti òru. Dókítà tí kò rí oorun sùn lè ṣi oògùn fúnni.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí owó ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Òfin NHIA ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo aráàlú wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kò tíì forúkọ ara wọn àti tàwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá mú káàdì lọ, parasitámọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń fún un. Ẹ̀sùn yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Títí di ọdún 2025, náírà 750 péré ni ọsibítù ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀, kí NHIA tó sọ ọ́ di 1,450. Owó táwọn HMO ń san sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ta ló lè fi ìyẹn ra oògùn gidi?

Nítorí náà, kí ìjọba fi dandan lé e pé kówó dé ọwọ́ ọsibítù lásìkò. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó ń dá àjọ náà lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n fi forúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú ètò ìlera ìpínlẹ̀ wọn. Owó tí wọ́n bá ń san díẹ̀díẹ̀ kò lè ba òwò jẹ́. Iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo tí kò sówó rẹ̀ nílẹ̀ ti kó owó òwò ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Bí ọsibítù àdúgbò bá sì kógbá wọlé, kì í ṣe dókítà nìkan ni yóò pàdánù. Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ bá gbóná laago méjì òru ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.