Ti Ọrùn Olùdíje Là Á Wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ni ni pé ìlérí kì í wúwo ju ẹni tí ó ṣe é lọ, nítorí náà, kí ẹni tí a ṣèlérí fún tó bẹ̀rẹ̀ ìdùnnú, ó yẹ kí ó wo olùṣèlérí láti òkè délẹ̀, kí ó mọ̀ bóyá ohun tí ó fẹ́ fi tọrẹ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n yìí wúlò púpọ̀ ní àkókò ìpolongo ìbò, nígbà tí olúkúlùkù olùdíje ń pe ara rẹ̀ ní aṣáájú tí ó ríran jìnnà. Aṣáájú tí ó ríran jìnnà ni ẹni tí ó mọ ibi tí ó fẹ́ kí ìlú wà lẹ́yìn ogún ọdún, tí ó mọ ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀, tí ó sì lè sọ iye tí yóò ná ará ìlú fún wọn láìfi bò. Iye yìí ni àwọn olùdìbò kì í sábà béèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni òtítọ́ wà.

Ìtàn Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà jẹ́rìí sí i. Kí ìdìbò ọdún 1951 tó wáyé, ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ti kọ ètò wọn lórí ẹ̀kọ́, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀ sínú ìwé fún aráàlú láti kà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ó ṣáájú wọn kò tíì ṣèjọba rí, ẹnìkan sì lè béèrè pé kí ni olùdìbò yóò wò lọ́rùn ẹni tí kò tíì dé ipò. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò kéré: ó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀, ó wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, ó sì ti tẹ ìwé jáde ní 1947 lórí bí ó ṣe yẹ kí a ṣe àkóso Nàìjíríà. Bákan náà lónìí, ẹni tí kò ṣe gómìnà rí lè ti ṣe alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìṣirò owó tí ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ sì tó ẹ̀rí.

Ní 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Ìjọba kò fi pamọ́ pé owó orí ni wọn yóò fi gbé e ró, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì dùn sí i; nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC alákùkọ fi ẹ̀yìn Ọlọ́pẹ balẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn yìí. Ọlọ́pẹ kò tìtorí èyí padà lẹ́yìn ètò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan. Òótọ́ ni pé olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ kò tó, ìṣòro náà kò sì kéré. Síbẹ̀, ní 1956, àwọn olùdìbò dá Ọlọ́pẹ padà sípò ní ẹkùn náà.

Ẹ wo bí èyí ṣe jìnnà sí “dìbò kóo sebẹ̀,” ọ̀rọ̀ tí ó gbajúmọ̀ ní Èkìtì nígbà ìdìbò gómìnà ọdún 2018, tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn fi ìbò rẹ̀ gba owó ọbẹ̀. Òfin ètò ìdìbò ọdún 2022 fi ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá tàbí owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lélẹ̀ fún irú rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè wo ọrùn olùdíje fún olùdìbò. Ìwádìí ni iṣẹ́ náà. Òfin kan náà pàṣẹ fún àjọ elétò ìdìbò, INEC, láti lẹ àkọsílẹ̀ nípa olùdíje kọ̀ọ̀kan síta ní àgbègbè tí ó ti ń díje, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti ètò ìbánisọ̀rọ̀ lórí rédíò tún wà, níbi tí a ti lè bi gómìnà àná tí ó tún ń díje léèrè bí owó ìfẹ̀yìntì ṣe rí lábẹ́ rẹ̀. Bí olùdíje sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá sì ṣèlérí ọ̀nà ọlọ́dà, ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ inú àpò ta ni owó náà ti ń jáde, nítorí òfin ni iṣẹ́ aṣòfin, aṣọ tí ó ń ṣèlérí sì lè má wà lára rẹ̀ rárá.

Ohun kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ olùdìbò kì í kà sí. Ìdìbò abẹ́lé, ìyẹn èyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń yan ẹni tí yóò gbé àsíá rẹ̀, ti máa ń parí kí aráàlú tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹ̀wò, débi pé ẹni tí ó ríran jìnnà jù lọ lè ti já kúrò láìsí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ọrùn àwọn olùdíje dáadáa ní láti wọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó sì ti wà ní ìjókòó níbẹ̀ nígbà tí àwọn tí ń du ipò náà ṣì pọ̀.